Orúkọ Karùn-ún

Orin kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà kọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ilé tó kọjú sí tiwa ní Sùúrùlérè ló ń gbé nígbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì wà. Kò sí rédíò tí kò gbé orin yẹn. Láàárín rẹ̀, níbi tí gìtá ti máa ń rọlẹ̀, ó dárúkọ èèyàn márùn-ún ládùúgbò wa tó ṣe é lóore: aránṣọ, oníṣẹ́ iná, oníkẹrosíìnì, ṣọ́jà kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti màmá mi. Olùkọ́ ni màmá mi, àwọn ni wọ́n máa ń gbé oúnjẹ fún un nígbà tí ebi fẹ́ẹ̀ pa á. Orúkọ màmá mi ló kẹ́yìn.

Ó tún kọ orin méjì mìíràn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ wọn. Ó kó lọ sí Muṣin, a ò sì rí i mọ́.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ kú. Kò sẹ́ni tó ka ikú rẹ̀ sí nǹkan kan. Oníṣẹ́ iná tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà oníkẹrosíìnì. Níbi ìsìnkú ṣọ́jà ni aládùúgbò wa kan ti rọra sọ sí mi létí pé, “Ṣé o ò rí i pé bó ṣe pè wọ́n nínú orin yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ léra lọ?” Mo bá a jà níbẹ̀, mo ní kó yé sọ ìsọkúsọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pe màmá mi láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, èmi tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Yábàá, tí mo pe ara mi ní ọ̀làjú. Màmá mi á máa fi mí rẹ́rìn-ín. “Àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa gbélé ayé títí ni?”

Lọ́dún yìí, àwọn ọ̀dọ́ tún gbé orin náà dìde lórí fóònù. Ní Sábó tí mo háyà yàrá sí, àtàárọ̀ ni wọ́n ń jó o. Ibi orúkọ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn á fi ẹ̀rín pe òkú mẹ́rin, wọ́n á sì pe màmá mi mọ́ wọn. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ọkùnrin náà fẹ́ tún orin ọ̀hún kọ ní sítúdíò, mo wá a lọ sí Muṣin. Mo ra oyin dání fún ọ̀fun rẹ̀. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ló ń gbé. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀dọ́ tó wà nínú rédíò ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún un.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ orúkọ mọ́mì mi kúrò.”

Kò bi mí pé kí ló dé. “Ìwọ nìkan lo wá,” ó ní. “Àwọn ọmọ àwọn tó kù ò wá. No wahala, màá yọ ọ́. Kí lorúkọ tìẹ gan-an? Mo ti gbàgbé.”

Mo sọ fún un, mo sì dúpẹ́ títí.

Ọ̀sán Sátidé kan ni orin tuntun náà jáde. Mo gbé e lọ fún màmá mi, inú mi ń dùn. A jókòó sí pálọ̀. Gìtá rọlẹ̀. Ó pe aránṣọ, ó pe oníṣẹ́ iná, ó pe oníkẹrosíìnì, ó pe ṣọ́jà. Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ tèmi, ó fà á gùn, ó sì dúpẹ́ oyin.

Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n pa á.

“Ta ló ní kó o lọ bá a?”

Ìgbà yẹn ló yé mi pé màmá mi náà ti ń ka àwọn òkú yẹn tipẹ́, wọ́n sì ti gbà fún Ọlọ́run. Wọ́n wọ yàrá lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti wé gèlè.

“Dìde, mú mi lọ sí Muṣin. Kó dá orúkọ mi padà síbẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú.”