Láptọ́ọ̀pù Tí Bàbá Mi Wọ̀ Láṣọ

Bàbá mi kì í ya náílọ́ọ̀nù kúrò lára nǹkan tuntun. Àwọn àga pálọ̀ wa ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, inú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n bá wá láti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n wà títí a fi dàgbà. Bí ooru bá mú, á lẹ̀ mọ́ wa nítan. Rìmóòtù náà ní náílọ́ọ̀nù tirẹ̀. Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín, ilé tiyín náà ńkọ́? Eruku Ajégúnlẹ̀ ò mojú ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá fi agbára ra nǹkan gbọ́dọ̀ bò ó.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aláàárù ní èbúté Àpápá, tí wọ́n ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ fún mi, wọn ò gbé e fún mi níhòòhò. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rán ìbòrí àga mọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ. Ọkùnrin náà fi awọ dúdú rán aṣọ fún un, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó há mọ́ ọn lára pinpin. Ibi tí à ń tẹ̀ àti ibi tí à ń wò nìkan ló ṣí sílẹ̀. Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá mi ní Liverpool Road ní Àpápá, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn oníṣòwò tó fẹ́ gba kọ́ńténà wọn jáde, gbogbo wọn ló wá fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Fáànù inú rẹ̀ á máa han gooro, lẹ́yìn náà á kú lójú mi, gbogbo ohun tí mo tẹ̀ á sì wọmi. Akọ̀wé kan tí a jọ ń jókòó sọ fún mi pé, "Àìsàn là ń wò o, a kì í wo ikú." Mo ní kó gbé ẹnu ẹ̀ sọ́hùn-ún. Mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ òótọ́, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Ọjọ́ Furaidé kan, oníbàárà dúró lé mi lórí, láptọ́ọ̀pù kú, mo tàn án, ó tún kú. Ọ̀gá mi ò pariwo. Wọ́n kàn ní, bí nǹkan yẹn bá tún kú lórí tábìlì ní Mọ́ńdè, àwọn á wá ẹlòmíì tí yóò máa tẹ ìwé àwọn.

Mo lè ra òmíràn. Kì í ṣe owó ló dá mi dúró, bàbá mi ni. Kò sí àlejò tó wọlé wa tí wọn kì í sọ fún pé ọmọ àwọn ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ní Àpápá tí àwọn ti fọrùn ru àpò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé òmíràn wọlé? Wọn ò ní sọ nǹkan kan, mo mọ̀ wọ́n. Dídákẹ́ wọn yẹn ni mi ò lè fara dà.

Ní Sátidé, mo sọ fún bàbá mi pé ẹ̀rọ náà ń kú, àwa méjèèjì sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá gáréèjì. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí yóò ti tú u. Ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló rán aṣọ fún un? Ẹ wo àwọn ihò yìí, ibi tó ti ń mí nìyí. Ẹ ti dí i nímú!"

Àwọn tó jókòó níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Kí n tó la ẹnu, bàbá mi ti dáhùn.

"Èmi ni. Eruku ni mò ń sá fún."

Ọkùnrin náà rí i pé àgbà ni, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú. Ó fi bíléèdì ya awọ náà kúrò, ó gbọn eruku inú ẹ̀rọ dànù. Eruku náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, pẹ̀lú gbogbo aṣọ yẹn. Ó ní fáànù ti jóná. Tí òun bá pààrọ̀ rẹ̀, á ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà, a tún lè ra òmíràn. Ó ní èwo la fẹ́.

Mo wo bàbá mi. Àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá ni wọ́n ń wò.

"Má wò mí lójú," ni wọ́n wí. "Mo ru àpò sìmẹ́ǹtì títí ọrùn mi fi wọ́. Torí kí ìwọ má baà ru ẹrù ni mo ṣe rà á. Bó bá ti wá di ẹrù fún ẹ, sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Mo fa bẹ́ǹṣì, mo jókòó tì wọ́n.

"Ẹ bá wa pààrọ̀ fáànù rẹ̀," mo sọ fún ọkùnrin náà. "Kò wúwo."