Ìdajì Ọ̀lẹ̀lẹ̀ Ọjọ́ Jímọ̀

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n orí mi kì í gbàgbé orúkọ. Gbogbo ẹni tó ti gbé àgbàlá wa ní Odoakpu, ní Onitsha níbí, láti nǹkan bí ogójì ọdún, mo lè pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n fi orúkọ ìyá wọn kún un, àti oúnjẹ tí wọn kì í fẹ́ jẹ. Mi ò ní kọ orúkọ kankan síbí ṣá. Ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe tèmi nìkan.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọkọ mi kú, kí oòrùn tó wọ̀. Orí àga rẹ̀ ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ewé ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó jẹ tán wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àìsàn tó ti ń bá a fínra tipẹ́. Àwọn ọmọ gbọ́, wọ́n gbà. Èmi náà ní mo gbà. Ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára ewé yẹn. Èmi ni mo lọ ẹ̀wà rẹ̀, èmi ni mo dì í, èmi ni mo sè é.

Ọkọ mi ló dá sàráà ọjọ́ Jímọ̀ sílẹ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Onitsha, tí a ò tíì gbọ́ Íbò kankan. Ó ní àlejò tí kò lè sọ̀rọ̀, kó fi oúnjẹ kí ara ilé. Bí mo ṣe ń se ìkòkò ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan ní gbogbo Jímọ̀ nìyẹn, ewé kan fún ẹnìkan, yàrá sí yàrá, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Àwọn ọmọ tó ń sunkún nítorí rẹ̀ nígbà náà ti di bàbá ọmọ.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni ẹ̀rù náà wọlé. Mo gbé ọbẹ̀ kaná, mo tọ́ ọ wò, mo ní ó ti kan. Mo dà á nù. Mo se òmíràn, mo ní ó ń rùn. Mo ń gbóòórùn ẹja títí imú fi ń ta mí. Gààrí, mo ní eku lè ti gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tó yá, kò sí ohun tí mo lè jẹ mọ́ àfi ẹyin tí mo bá fi ọwọ́ ara mi bó, àti bisikíìtì tí mo bá fúnra mi já ọ̀rá rẹ̀. Bí inú mi bá kùn báyìí, mo ti mọ̀ pé ó dé nìyẹn. Màá jókòó, màá di abẹ́ ìgbáyà mú, màá máa wo aago ara ògiri títí wákàtí kan yóò fi kọjá tí n kò kú.

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, tó ń gbé Awada, máa ń gbé ìrẹsì wá fún mi nínú kúlà. Màá dúpẹ́, màá ṣàdúrà fún un. Bí kẹ̀kẹ́ tó gbé e wá bá ti ṣẹ́rí báyìí, ìrẹsì náà di inú gọ́tà.

"Màámi, ẹ ti rù o."

"Ààwẹ̀ ni mò ń gbà."

"Ààwẹ̀ kí ni, Màámi? Ràmàdánì tó ti lọ látìgbà wo?"

Sàráà Jímọ̀ dúró. Ta ni màá tún gbé ikú fún?

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọmọ mi mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá, ọmọ ọdún mẹ́rin tí Íbò dùn lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Mo wọlé lọ gbé omi, mo jáde, mo rí i tó ń jẹ ọkpa, oúnjẹ ẹ̀wà tó pọ́n yòò bí epo, tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá. Obìnrin Íbò tí ògiri yàrá rẹ̀ kan tèmi ló ń tà á, òun ló fún un. N kò mọ ìgbà tí mo já a gbà. Mo fi ìka ki ọmọ lọ́fun. Ó bì sára ìró mi, ó gbójú sókè wò mí, ó sì fi Íbò bi mí pé kí ni òun ṣe.

Ìyá rẹ̀ kò pariwo. Ó nu ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó gbé e pọ̀n.

"Màámi, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n mi ò ní mú un wá mọ́, àfi ọjọ́ tí ẹ bá lè jókòó tì í kó jẹun."

Lọ́jọ́ kejì, aládùúgbò mi tó ni ọkpa yẹn gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Nne, ìyẹn ìyá ní Íbò, ni mo máa ń pè é. Òun ní tirẹ̀, tó bá fẹ́ bú mi, Ofe Mmanu ló ń pè mí, ọlọ́bẹ̀ elépo, bí wọ́n ṣe ń fi gbogbo àwa Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ níbí. Íbò la jọ ń sọ, èmi ni mo ń dà á sí Yorùbá yìí.

"Ofe Mmanu, ọkpa mi ti di májèlé?"

"Rárá o, Nne."

"Ọkpa tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń jẹ láàárọ̀, tí wọ́n sì ń wakọ̀ lọ dé Ogbunike, tí wọ́n tún ń padà wá bú mi pé kò tóbi? Ìwọ tó ń fi ewé di ẹ̀wà bí ẹni tó ń di ẹrù ìrìn àjò, ìwọ lo ń bẹ̀rù ọ̀rá mi!"

Mo rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni ẹkún ti já mọ́ ọn. Mo wá sọ ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni: "Nne, èmi ni mo pa ọkọ mi. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ mi ló pa á."

Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pe àwọn tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà fún mi."

Mo pè wọ́n ní yàrá kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀.

"Ta ló kú nínú wọn?"

"Kò sí."

"Ẹ̀hẹ́n."

Ṣùgbọ́n mo ti ní èsì tèmi. Ẹ̀rù kì í ṣàìní èsì. Mo ní, "Nne, ìwọ náà ń di oúnjẹ. Ọ̀tọ̀ ni ewé kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ewé kan lè lu, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ bàjẹ́, kí ìyókù dára. Tirẹ̀ nìkan ló bàjẹ́."

Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó wá ní:

"O ò pe orúkọ mi."

Mo tún ka àwọn yàrá náà nínú ọkàn mi. Ó rí bẹ́ẹ̀. Méjì tú sínú ìkòkò lọ́jọ́ náà, ewé kò kárí, mo ní màá wá nǹkan mìíràn fún Nne tó bá ti ọjà dé. Mo sì gbàgbé. Èmi tí kì í gbàgbé ẹnikẹ́ni, ẹni tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa ni mo gbàgbé.

"Ọkọ rẹ rí i," ni Nne wí. "Bí mo ṣe ń gbé àwo ọkpa mi wọlé, ó pè mí. Ó ní, 'Ìyàwó mi kò rí ẹ. Jókòó.' Ó tú ewé tirẹ̀, ó gé ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà sí méjì, ó fún mi ní apá tí ẹyin wà. Níbí yìí ni mo ti jẹ ẹ́. Ìwọ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ò ń fọ ìkòkò."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ó ní kí n má sọ. Ó ní ojú yóò tì ẹ́."

Mo ń wo ẹnu rẹ̀. Mo ń wo àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ bùbá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìdajì ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí mo pè ní ikú ti di ẹ̀jẹ̀ àti agbára lára obìnrin yìí, ó ń fi í gbé àwo lọ sí títì láràárọ̀, ó ń fi í bú mi. Ọlọ́hun tóbi. Mo sì ronú pé oúnjẹ tí ọkọ mi fi parí ayé, ó pín in, ó sì tún fi í bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀.

Mi ò ní purọ́ pé ẹ̀rù lọ. Ó kéré sí i ni, bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tó ṣì ń gbó.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rẹ ẹ̀wà. Nne jókòó tì mí láti ìgbà tí mo ti ń bó o títí tí mo fi sọ ìkòkò kalẹ̀, kò dákẹ́ ẹnu: ẹ̀wà mi pọ̀ lómi, ata mi ò tó, bóyá ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi sá lọ. Ó tú ewé kan, ó gé e sí méjì, ó na ìdajì sí mi. Mo jẹ ẹ́. A jókòó. Kò pẹ́, inú mi kùn, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí.

"Ebi ni," ó ní. "Inú tí kò rí oúnjẹ látọjọ́ yìí, ṣé kò ní kí i káàbọ̀ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, mo ránṣẹ́ sí ọmọ mi, ó mú ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn ìyá rẹ̀, kò kí mi. Mo tú ọ̀lẹ̀lẹ̀, mo gé e sí méjì, mo jẹ apá kan lójú rẹ̀, mo gbé apá tí ẹyin wà síwájú rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ó gbé e, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ títí, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i lọ́wọ́ mi. Ó wá bojú wò mí.

Mo ti ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ abẹ́ itan, mo jókòó lé wọn, kí wọ́n má bàa nà lọ já a gbà. Ó gé e jẹ. Mo rí ọ̀fun kékeré yẹn tó lọ sókè, tó bọ̀ wálẹ̀. Ó tún gé e jẹ. Nígbà tó fi máa lá ewé tán, ọwọ́ mi ti kú tipiri lábẹ́ mi, mi ò sì fà á yọ.