Ohùn Inú Kùrukùru

Ọjọ́ tí a gbọ́ ohùn ìyá wa lójú òkun ni n kò lè gbàgbé. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Làmídì, fi ọkọ̀ onígbòkun kékeré gbéra láti Agbóyì, à ń gba etí òkun lọ sí Kàlàbá. Àwọn ará Kétu, aládùúgbò wa, ti ṣèlérí láti dá owó fún àwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìlóbìí bí a bá lè fi ọkọ̀ náà débẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kùrukùru bò wá. Obìnrin kan sọ̀rọ̀ níwájú: "Làmídì, yà sọ́tùn-ún."

Ohùn ìyá wa ni, ìyá tí a ti sin.

"Má dáhùn," ni Bùrọ̀dá wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ó yà sọ́tùn-ún.

Nígbà tí kùrukùru ká, a rí irin ọkọ̀ ńlá kan tó rì, ó yọ ṣóńṣó lápá òsì wa.

A dé Kàlàbá láyọ̀, owó náà sì tẹ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Síbẹ̀, títí dòní, ó ń dùn mí pé a kò dá ìyá wa lóhùn.