Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

Òórùn kọfí àti òróró ìpara ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà màmá àgbàlagbà tí mo ń tọ́jú ní Castle Hill, ládùúgbò Bronx l'Amẹ́ríkà, nígbà kan. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Orúnkún ló ń dà wọ́n láàmú, kò sí ohun tó ṣe ẹnu wọn. Bí mo bá ń fi òróró ra orúnkún wọn láàárọ̀, ìtàn ayé àtijọ́ ni wọ́n máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n.

Lọ́jọ́ kan, tẹlifíṣọ̀n fi àpáta kan hàn nínú aṣálẹ̀ Arábíà, tó jìnnà réré sí Íjíbítì. Orúkọ Fáráò kan wà lára rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ àwòrán okùn yí i ká, àmì pé orúkọ ọba ni. Èmi tí mo mọ Fáráò inú Bíbélì nìkan, mo ní, ọba yìí mà rìn o! Màmá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ọba má débẹ̀ rí; àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ló gbé orúkọ rẹ̀ rìn. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Kí lorúkọ ìyá tó bí bàbá rẹ?"

Mo ní n ò mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹ̀yìn wọn ni mo sùn sí ní kékeré, àmọ́ ta ló jẹ́ la ẹnu pe orúkọ wọn? Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. A bọ̀wọ̀ fún orúkọ náà títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nù. Bàbá mi ti lọ, àwọn àbúrò wọn náà ti lọ.

Màmá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní ìyá ńlá ìdílé àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tó ń jẹ́ nílé. "Tèmi, kò sẹ́ni tí mo lè bi. Ìwọ ńkọ́?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù: ìyàwó àbúrò bàbá mi, ní Ọ̀yọ́, tí ara wọn ò sì le mọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni mo pè wọ́n, òróró ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Háà! Orúkọ ìyá ọkọ mi kẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, n ò pè é rí. Ẹnu mi kọ́!"

"Ìyá mi, ẹ ṣàánú mi. Tí ẹ ò bá pè é, ó parí nìyẹn o."

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ń kúnlẹ̀. "Ìyá ọkọ mi, ẹ foríjì mí o. Ọmọ yín ló ń béèrè." Wọ́n wá pè é, jẹ́jẹ́: "Ọyáfúnmikẹ́."

Mo sunkún bí ọmọdé. Màmá ní kí n kọ ọ́ sórí bébà. Àwọn fúnra wọn ló ya okùn yí i ká bíi ti Fáráò.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyàwó àbúrò bàbá mi fi ayé sílẹ̀. Ká ní mo fi dọ̀la ni, ó ti bọ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá tó bi mí léèrè. Ìyá Àgbà tí kò kúrò lágbègbè Ọ̀yọ́ rí, orúkọ wọn dé Bronx.

Lọ́jọ́ kejì tí a kọ orúkọ náà, Màmá béèrè bóyá àwọn náà lè máa pè é, torí àwọn ò ní tàwọn láti pè. Mo ní kí wọ́n máa pè é. Títí wọ́n fi kú, òun ni wọ́n fi ń kí mi káàárọ̀. Ohùn orúkọ náà kì í tọ̀nà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ́ ẹ.