Yàrá Tó Ń Di Pupa Lọ́sàn-án

Ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn oníná ní ilé ìwòsàn aládàáni tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ọ̀kà kò fẹ́ràn mi láti ọjọ́ kìíní. Èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìkàrẹ́ ni mo ti ń gun ọ̀kadà wá lójoojúmọ́, ohùn Ọ̀kà ló sì fi ń bú mi fún àwọn yòókù, bí ẹni pé n kò gbọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ló ń bí i nínú. Mo ya gbogbo ilé náà sínú kọ̀ǹpútà: yàrá, ògiri, títí kan ọ̀nà tí wáyà gbà. Mo wá so ẹ̀rọ kéékèèké mọ́ ibi tí iná ti ń wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá dúró dáadáa, yàrá náà á ní àwọ̀ ewé lójú kọ̀ǹpútà. Bó bá rẹ̀ wálẹ̀ tàbí tó lọ, á di pupa. Ọ̀gá oníná ní eré ọmọdé ni. Ó ní òun ti ń so wáyà kí wọ́n tó bí mi.

Kò pẹ́ tí yàrá abẹ́rẹ́ àjẹsára bẹ̀rẹ̀ sí í di pupa ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo sọ fún un. Ó ní kọ̀ǹpútà mi ló ń purọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ọ̀sì àgbà ṣí fíríìjì yàrá náà, ó bá abẹ́rẹ́ nínú ooru, ó sì kó gbogbo rẹ̀ dànù. Àwọn ìyá tó pọnmọ wá láti Ìkun padà lófo. Ni ọ̀gá oníná bá lọ sọ fún dókítà tó ni ilé ìwòsàn pé ẹ̀rọ tí mo so mọ́ wáyà ló ń jẹ iná. Dókítà ní kí n tú wọn kúrò kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.

Inú bí mi. Mo bẹ dókítà kó kọ́kọ́ jókòó tì mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó wá, ó fajú ro. Aago kan kọjá díẹ̀, yàrá abẹ́rẹ́ di pupa. Mo fi ìka tọ ipa wáyà náà lójú kọ̀ǹpútà títí dé ẹ̀yìnkùlé, a sì dìde, a lọ síbẹ̀. Ọ̀gá oníná la bá tó bẹ̀rẹ̀, tó so ẹ̀rọ ìjórin mọ́ wáyà yàrá náà, tó ń fi iná ilé ìwòsàn jó irin géètì oníbàárà rẹ̀ pọ̀.

Kò wo dókítà. Èmi ló wò.

“O wá ń ṣọ́ mi bí olè.”

“Ilé ni mò ń ṣọ́, sà. Ẹ̀yin ni mo bá níbẹ̀.”

Dókítà ní kó gbé ẹ̀rọ ìjórin náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Kò lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n. Fíríìjì kò gbóná mọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà nìkan ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi; àwọn yòókù ní mo dójú ti àgbà.

Fún oṣù mélòó kan, mo ń kí i láràárọ̀, ó ń kọjú sí ògiri. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìkí i. Ó pariwo pé àwọn ará Ìkàrẹ́ kì í kọ́mọ. Mo gbọ́. N kò wẹ̀yìn.