Alhamudulilahi Màámi Níwájú Ẹ̀rọ

Ẹ má wulẹ̀ bi Màámi pé ṣé ara wọn yá. Alhamudulilahi lẹ máa gbọ́, bí wọn ò tiẹ̀ lè gbórí sókè. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn, àìsàn á dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí mo rí i tí wọ́n ń di ògiri mú kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Mo ti ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ nílùú Ìlá pa, mo gbé wọn sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, ó di ilé ìwòsàn.

Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá kan dé ibẹ̀, pẹlẹbẹ bíi síléètì, tó ń sọ Yorùbá tó já gaara. Òun ló ń kọ́kọ́ bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀.

"Màmá, ṣé orí ń fọ́ yín?"

"Orí ò ní fọ́ wa."

"Ṣé òòyì ń kọ́ yín?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Báwo lara yín?"

"Alhamudulilahi."

Ẹ̀rọ bá ní kò sóhun tó ń ṣe wọ́n, kí wọ́n lọ sinmi nílé. Inú bí mi. Mo ní, "Màámi, ẹ wá ń purọ́ fún ẹ̀rọ?"

"Àdúrà ni mo ṣe. Ìwọ ò tiẹ̀ lè ṣe àmín."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ náà ń ran òun lọ́wọ́ gan-an bí èrò bá pọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sílé láìjẹ́ pé òun fọwọ́ ara òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó jókòó ti Màámi, ó kí wọn kúnnákúnná, ó béèrè àwọn adìyẹ wọn pàápàá. Ó wá ní, "Màmá, ṣé ẹ̀ ń dìde kírun, àbí ẹ̀ ń jókòó?"

Màámi kì í fi ọ̀rọ̀ ìrun ṣeré. "Láti Jímọ̀ ni mo ti ń jókòó kí i. Bí mo bá forí kanlẹ̀, ilé á máa yí."

Nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ wọn lápá. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru kọjá ààlà. Ẹ̀rù bà mí. Nọ́ọ̀sì fún wọn lóògùn, kò sì jẹ́ ká kúrò níbẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ náà fi wálẹ̀ nírọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì ní òun á sọ fáwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà pé kí wọ́n kọ́ ọ ní àdúrà àwọn àgbà.

Oògùn bá wọn lára mu. Mi ò bi wọ́n pé ṣé ara ti yá. Lásùbáà ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Láàárọ̀ yìí, wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n sì nàró padà lórí ẹní, ọwọ́ wọn ò kan ògiri. Èmi ni mo sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí: Alhamudulilahi.