Ìṣáná Lọ Fá Pákó

Ẹ má bi mí ìdí tí wọ́n fi ń pe káfíńtà yìí ní Ìṣáná. Fara kàn án díẹ̀ báyìí, ó ti gbiná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ó burú, á ní òun ò na ìyàwó rí, òun ò na ọmọ rí. Òótọ́ ni o. Àga ló máa ń nà. Bí inú bá ti bí i, á dákẹ́, á bọ́ fìlà rẹ̀, á fi kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á gba ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìnkùlé lọ mú òòlù. Tó bá padà wọlé, nǹkan á fọ́. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn yàrá tí ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ tì mọ́rí ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún un ṣe, á lẹ̀ ẹ́, á fá a, á kùn ún, àlejò ò ní mọ ibi tó ti là. Ó wá rò pé bí igi ṣe ń jinná yẹn náà ni àwọn ará ilé ṣe ń jinná.

Ìyàwó kú. Ọmọ lọ sílé ọkọ, kò yà síbẹ̀ mọ́. Ó bímọ, bàbá ò fojú kan ọmọ-ọmọ, orí fóònù ni wọ́n ti ń kíra wọn bí ẹni tí kò mọra.

Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé Ìṣáná dé iwájú nọ́ọ̀sì kan. Nọ́ọ̀sì ní ìbínú fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ohun tí èèyàn bá fi ṣe ni. Bó bá ti dé, kó kúrò níbẹ̀, kó fọwọ́ ṣe iṣẹ́ tí ò pa ẹnikẹ́ni lára, kó mí kanlẹ̀, kó wá padà wá sọ ohun tó dùn ún.

“Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ sọ fún ará ilé kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ ní inú ń bí yín, ẹ fẹ́ lọ tutù, ẹ ń bọ̀.”

Ó gba gbogbo rẹ̀ àfi ìyẹn. Irú bàbá wo ló ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ kó tó bínú? Òun nìkan ló sì ń gbé. Bó ṣe di afápákó nìyẹn. Oníbàárà bú u, á mú ìfági, á fá pákó. Aládùúgbò da pàǹtí sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á fá pákó. Ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ lóòótọ́.

Ọmọbìnrin rẹ̀ gbọ́ pé bàbá ti yí padà. Ó ní òun á mú ọmọ wá kí i, bí ọjọ́ náà bá lọ ire, àwọn á máa wá. Ìṣáná kan àga kékeré sílẹ̀ de ọmọ-ọmọ. Ẹ̀rù ń bà á bí ọkọ ìyàwó.

Nígbà tí wọ́n dé, ọmọ kékeré náà gun àga yìí, ó nawọ́ sí àwòrán ìyá ìyá rẹ̀ lára ògiri. Àwòrán já bọ́, gíláàsì rẹ̀ fọ́ yángá. Òun nìkan ni àwòrán ìyàwó tó kù fún un. Inú bí i. Ṣùgbọ́n ó rántí. Ó dákẹ́, ó bọ́ fìlà, ó fi kọ́ ìṣó, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ó fá pákó títí ọwọ́ rẹ̀ fi dẹ̀. Ó tilẹ̀ to ọ̀rọ̀ tó máa sọ: àwòrán náà dun òun, ṣùgbọ́n ọmọ ò mọ̀ọ́mọ̀. Láyé rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa ti inú ìbínú padà wọlé bá ará ilé lọ́wọ́ òfo.

Kò bá ẹnì kankan níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, bàtà ọmọ ẹsẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ lórí fóònù. Ọmọ ń sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

“Pákó ni mo lọ fá,” ni Ìṣáná wí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ní, “Bàámi, ẹ bọ́ fìlà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?”

Ọmọbìnrin náà ní kó máa tọ́jú ara rẹ̀, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ìṣáná mọ̀ pé wọn ò ní wá mọ́. Ó jókòó sórí àga kékeré yẹn, fìlà ṣì wà lára ìṣó. Inú ò bí i. Ká ní inú bí i ni, ì bá rí nǹkan lọ fá.